Ìgbà Wo Ni Kí Ẹ Gbé Abo Ehoro Fún Akọ? Ìtọ́sọ́nà Títí Dé Ọjọ́ Tí Ẹ Máa Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ

Ìbéèrè kan náà ló ń wá láti Mọ́dákẹ́kẹ́, láti Ẹ̀dúnàbọ̀n, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sin ehoro sẹ́yìn ilé tí wọ́n háyà ní Ilé-Ifẹ̀: "Mo ń retí kí abo ehoro mi ké bí ewúrẹ́ ṣe máa ń ké, kò ké. Ìgbà wo gan-an ni kí n gbé e fún akọ?" Ẹlòmíràn á ní inú kéèjì kan ni akọ àti abo òun jọ ń gbé, síbẹ̀ òun ò rí ọmọ. Ẹlòmíràn á ní abo ti já irun àyà rẹ̀ kọ́ ìtẹ́, àmọ́ ìtẹ́ òfìfo ni òun bá.

Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ wa ló ti sin ewúrẹ́ kí a tó mọ ehoro, a sì gbé ìmọ̀ ewúrẹ́ lé ehoro lórí. Inú abo ehoro kò ṣiṣẹ́ bíi ti ewúrẹ́ rárá.

Bí inú abo ehoro ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 síra wọn ni ẹyin ń já nínú ewúrẹ́. Bí àsìkò yẹn bá tó, á máa ké, á máa ju ìrù, òbúkọ àdúgbò á sì gbọ́. Ti ehoro yàtọ̀. Ẹyin ti wà nílẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ kò ní já àfi tí akọ bá gùn ún. Gígùn yẹn ló ń ta ọpọlọ rẹ̀ jí, tí ẹyin á fi já ní nǹkan bíi wákàtí 10 sí 12 lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kò sí igbe kankan tí ẹ máa retí.

Gígùn ló ń já ẹyin ológbò náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni alpaca, ẹran onírun tí wọ́n ń sìn lórí òkè Peru àti Bolivia: abo á jókòó, akọ á gùn ún fún ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin á sì já lẹ́yìn ọjọ́ kan àti díẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ó lé ni alpaca fi ń gbé oyún ọmọ kan ṣoṣo. Ehoro ń gbé tirẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 31 péré, ó sì lè bí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu tirẹ̀, nítorí náà àyè wà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ọjọ́ ni abo máa gbà. Ó ní ọjọ́ tó ń fẹ́ àti ọjọ́ tí kò fẹ́, ojú abẹ́ rẹ̀ ló sì máa sọ fún yín:

- Ó pupa tàbí ó pọ́n rokoso, ó wú díẹ̀, ó tutù: ẹ gbé e lọ.
- Ó funfun tàbí ó ràndánràndán, ó gbẹ, ó sún kì: ẹ dúró di ọ̀la tàbí ọ̀tunla.
- Ó ní egbò, èépá tàbí ọyún: ẹ má gbé e lọ rárá. Ó lè kó o ran akọ, akọ á sì kó o ran gbogbo abo tó kù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Abo tí ẹ fẹ́ lò gbọ́dọ̀:

- ti tó oṣù 5 sí 6 bó bá jẹ́ New Zealand White, California, Chinchilla tàbí àdàlù wọn tó pọ̀ lọ́jà wa. Àwọn abo tó ga tó sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ ń pẹ́ tó oṣù 8 tàbí 9;
- ti tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n àgbà irú rẹ̀. Ìwọ̀n ni kí ẹ tẹ̀ lé ju ọjọ́ orí lọ, nítorí ehoro tó ń jẹ koríko nìkan kì í tètè dàgbà;
- ní ó kéré tán orí ọmú 8. Ẹ yí i dojú sókè, kí ẹ fi ọwọ́ kà á;
- má sanra jù. Ọ̀rá ń dí abo lọ́wọ́ oyún, ó sì ń pa á nígbà tí ìbímọ bá kù sí dẹ̀dẹ̀;
- má ní èépá létí, imú tó ń ṣàn, tàbí egbò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Akọ kan tó abo 8 sí 10. Ẹ má fi ẹ̀gbọ́n gun àbúrò. Bí ibi tí ẹ ti ra abo bá jẹ́ ibi tí ẹ ti ra akọ, ẹ béèrè bóyá ìyá kan náà ló bí wọn. Àwọn tó ń tà á ní ọjà Odò-Ògbè kì í sọ tí ẹ kò bá béèrè. Ẹ tún lè béèrè ní oko ẹ̀kọ́ àti ìwádìí tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìdílé ẹran ní àkọsílẹ̀ níbẹ̀ ju ti ọjà lọ.

Ọjọ́ tí ẹ máa gbé e fún akọ

1. Ẹ ṣe é ní ìdájí tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ooru ọ̀sán ń mú kí akọ rẹ̀.
2. Ẹ kó abọ́ omi àti abọ́ oúnjẹ kúrò nínú kéèjì akọ kí wọ́n má baà kọsẹ̀.
3. Ẹ di awọ èjìká abo mú, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀. Ẹ má fi etí gbé ehoro. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ́jà, síbẹ̀ ẹ má ṣe é.
4. Abo ni ẹ máa gbé lọ bá akọ, kì í ṣe akọ lẹ máa gbé wá bá abo. Abo ń ṣọ́ ilé rẹ̀. Tí ẹ bá ju akọ sínú kéèjì abo, ìjà ni yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, abo sì ti bu akọ jẹ lẹ́pọ̀n rí ní ọ̀pọ̀ ilé.
5. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ máa wò. Bí abo bá gbé ìdí sókè, akọ á gùn ún, á sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sẹ́yìn lójijì. Ọ̀pọ̀ akọ ń ké díẹ̀ nígbà yẹn. Àfi tó bá ṣubú báyìí ni ẹ fi lè gbà pé ó gùn ún. Kó máa gun orí tàbí ẹ̀gbẹ́ kò jámọ́ nǹkan kan.
6. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ gbé abo padà sílé rẹ̀.
7. Tí ẹ bá gbé e lọ láàárọ̀, ẹ lè tún gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹyin ń já lákòókò yẹn, iye ọmọ sì máa ń pọ̀ sí i.
8. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, sára kéèjì tàbí sínú ìwé.

Tí ẹ bá ní abo méjì tàbí mẹ́ta tó ti tó gùn, ẹ gbé gbogbo wọn lọ ní ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bímọ.

Bí abo bá kọ̀

Tó bá sá kiri, tó lẹ̀ mọ́ igun kéèjì, tó ń kùn tàbí tó ń buni jẹ, ẹ gbé e jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá gbìyànjú èyí tó bá yín lára mu:

- Ẹ tún un gbé lọ ní ọ̀la, títí di ọjọ́ mẹ́rin. Láàárín rẹ̀, ojú abẹ́ á ti pọ́n.
- Ẹ pààrọ̀ ilé wọn fún òru kan: abo á sùn sí kéèjì akọ, akọ á sùn sí ti abo. Tó bá dàárọ̀, ẹ dá abo padà bá akọ nílé akọ.
- Ẹ di abo mú: ọwọ́ kan ní awọ èjìká, èkejì lábẹ́ ikùn láti gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀. Akọ tó ti mọ iṣẹ́ kò ní bìkítà pé ẹ wà níbẹ̀. Abo tí ojú abẹ́ rẹ̀ pọ́n nìkan ni kí ẹ ṣe èyí fún.

Ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ papọ̀ di ọ̀sẹ̀ kan pé "wọ́n á ṣe é nígbà tó bá wù wọ́n." Ẹ kò ní mọ ọjọ́ oyún, ẹ kò ní mọ ọjọ́ tí ẹ máa gbé àpótí sí i, ọmọ á sì já lórí wáyà lóru. Èyí ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ ehoro.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà níbẹ̀. Àwọn ìtọ́sọ́nà tó ti ilẹ̀ òtútù wá á ní kí ẹ tan iná kún ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Ní Ifẹ̀, ojúmọ́ kò jìnnà sí wákàtí 12 láti January dé December, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kọ́ ni ìṣòro wa. Oòrùn oṣù Kejì àti Ìkẹta ni. Akọ tí ooru tó ju 32°C bá mú fún ọjọ́ mélòó kan lè máa gùn dáadáa kí àtọ̀ rẹ̀ má sì lágbára fún oṣù kan àbọ̀ sí méjì. Tí abo bíi mẹ́ta bá kùnà tẹ̀léra wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, akọ ni kí ẹ fura sí. Ẹ gbé kéèjì rẹ̀ sábẹ́ igi, ẹ yọ páànù tó wà lórí rẹ̀ gangan tàbí kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

Ṣé ó lóyún?

Ẹ má tún un gbé lọ bá akọ láti dán an wò. Àwọn tó ń sin alpaca ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí abo bá ti lóyún, á tutọ́ sí akọ lójú, wọ́n á sì mọ̀. Ehoro tó lóyún lè gba akọ láìjanpata, nítorí náà ìdánwò yẹn máa tàn yín jẹ. Ọwọ́ ni kí ẹ lò, láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Ọjọ́ 12 ló dáa jù.

1. Ẹ tẹ́ àpò sórí tábìlì kó má baà yọ̀, ẹ gbé e lé e, kó kọjú sí yín.
2. Ẹ fi ọwọ́ òsì di awọ èjìká rẹ̀ mú. Ẹ dúró kí ara rẹ̀ rọ̀. Bí ikùn bá le, ẹ kò ní mọ nǹkan kan.
3. Ẹ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ikùn, níwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Àtàńpàkò lápá kan, ìka tó kù lápá kejì.
4. Ẹ fà á síwá-sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Tó bá lóyún, nǹkan rogodo á máa yọ̀ kọjá láàárín ìka yín bí ọmọ ayò, ó rọ̀ díẹ̀, ó sì ju ẹyọ kan lọ.
5. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn ọjọ́ 14.

Ìgbẹ́ ló ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ. Ìgbẹ́ kéré, ó le, ó sì súnmọ́ eegun ẹ̀yìn. Ọmọ wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi abo tí ẹ mọ̀ dájú pé kò lóyún ṣe, kí ọwọ́ yín mọ bí ikùn òfìfo ṣe rí.

Oyún irọ́

Èyí ni ìdáhùn fún ẹni tó bá ìtẹ́ òfìfo. Nítorí pé gígùn ló ń já ẹyin, ẹyin lè já láìsí pé àtọ̀ bá a pàdé: akọ tí ooru ti mú, tàbí abo méjì tó wà nínú kéèjì kan tí ọ̀kan ń gun èkejì. Ara abo á gbà pé òun ti lóyún. Á kọ akọ, ọmú rẹ̀ lè wú. Láàárín ọjọ́ 16 sí 18, á já irun, á kọ́ ìtẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ ló máa yanjú rẹ̀. Irun tó já ní ọjọ́ 17 jẹ́ oyún irọ́, irun tó já ní ọjọ́ 29 tàbí 30 jẹ́ ìbímọ. Kò sí oògùn kankan tí ẹ máa rà. Ẹ gbé e fún akọ mìíràn lójú ẹsẹ̀, nítorí ó sábà máa ń gbà kíákíá lákòókò yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ ya abo tó ti tó oṣù mẹ́rin sọ́tọ̀, ẹyọ kan sí kéèjì kan.

Kíka ọjọ́

Ẹ má ka ọjọ́ tí akọ gùn ún mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, òní wà nínú rẹ̀. Ẹ má ka oyún ehoro báyẹn, ẹ máa ṣi ọjọ́ kan. Ká ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni akọ gùn ún:

- 13 oṣù Kẹta: ẹ fọwọ́ kan ikùn.
- 17 sí 19 oṣù Kẹta: bó bá jẹ́ oyún irọ́, ìgbà yìí ló máa hàn.
- 29 oṣù Kẹta: ẹ gbé àpótí ìbímọ sí i.
- 1 oṣù Kẹrin: ẹ máa retí ọmọ. Ó lè fi ọjọ́ kan tàbí méjì yá tàbí pẹ́.
- 3 oṣù Kẹrin: bí kò bá tíì bí, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé oyún wà, ẹ pe dókítà ẹranko.

Àpótí ìbímọ

Káfíńtà tó bá ní àjákù pákó lè kàn án: gígùn 45 cm, fífẹ̀ 30 cm, gíga 30 cm, kí iwájú rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 15 cm. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ kí ìtọ̀ lè jò jáde. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà, jíjẹ ni wọ́n máa jẹ ẹ́. Apẹ̀rẹ̀ lè rọ́pò rẹ̀. Páálí náà ṣeé lò, àmọ́ ìbímọ kan péré. Ẹ sun ún lẹ́yìn náà.

Ẹ kó koríko gbígbẹ tàbí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí káfíńtà ń fá lára pákó sínú rẹ̀. Ẹ̀rúnrún pákó kíkúnná láti ilé ìlagi kò dáa, á wọ imú àwọn ọmọ. Ìyá fúnra rẹ̀ á já irun àyà àti ikùn rẹ̀ lé e.

Ọjọ́ 28 ni kí ẹ gbé e sí i. Bí ẹ bá yá a, á sọ ọ́ di ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́, orí wáyà ni yóò bí wọn sí.

Òru ìbímọ àti ọjọ́ kejì

Òru tàbí ìdájí ni wọ́n sábà máa ń bí, kì í sì í pẹ́. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ má pe ará ilé wá wòran. Omi ni kí ó pọ̀. Abo tí òùngbẹ ń gbẹ lóru yẹn wà lára àwọn tó ń jẹ ọmọ wọn. Ìpayà náà wà níbẹ̀: ajá, eku, bángà ìgbà Kérésì, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèjì.

Tí ilẹ̀ bá mọ́:

1. Ẹ fún ìyá ní ewé ọ̀dùnkún, kí ẹ rọra gbé e jáde.
2. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ pa irun rẹ̀.
3. Ẹ ka ọmọ, ẹ yọ òkú àti ibi-ọmọ tó kù. Ẹ kọ iye sílẹ̀.
4. Bí irun ìtẹ́ bá kéré, ẹ já díẹ̀ láti ikùn ìyá. Ó ti tú fúnra rẹ̀, kò ní dùn ún. Nígbà ọyẹ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí.

Ẹni tó ní kíkàn ọmọ á mú kí ìyá kọ̀ ọ́ ń dẹ́rù bà yín lásán. Àìwò ló léwu: òkú ọmọ kan tó jẹrà nínú ìtẹ́ lè pa àwọn tó kù.

Ibí ni abo tí ẹ gbé fún akọ lọ́jọ́ kan náà ti wúlò. Ká ní ọ̀kan bí 11, èkejì bí 4. Ẹ kó mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi irun ìtẹ́ tuntun pa wọ́n lára, ẹ kó wọn sáàárín àwọn tó wà níbẹ̀. Kí ọjọ́ ìbí wọn má ju ọjọ́ méjì lọ síra wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ńlá á máa ti àwọn kékeré kúrò lẹ́nu ọmú.

"Kò fún wọn lọ́mú"

Ó ń fún wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni ehoro sábà ń fún ọmọ lọ́mú, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ní ìdájí tàbí lálẹ́ tí ojú yín kò tó o. Gbogbo ọjọ́ yòókù, ẹ̀yìn ló ń kọ sí ìtẹ́, ìwà rẹ̀ nìyẹn. Ikùn ọmọ ni kí ẹ wò. Tó bá yọ rogodo, tí awọ sì ń dán, ó ti mu. Tí awọ bá hunjọ, tí wọ́n ń yí kiri, tí wọ́n ń gbé orí sókè tí ẹ bá ṣí irun lórí wọn, ebi ń pa wọ́n. Ẹ gbé ìyá sínú àpótí, ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí yóò fi gbà. Ẹ má fún wọn ní mílíìkì alágolo.

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè mu ju lítà omi kan lọ lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ oúnjẹ oníhóró tó bó bá ṣe fẹ́, kí ẹ fi eèsún àti ewé ọ̀dùnkún tì í. Ewé tí òjò tàbí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ẹ sá a kó rọ kí ẹ tó fún un.

Ìjàlọ ni ọ̀tá yín nígbà òjò. Wọ́n lè pa ìtẹ́ kan run lóru kan. Ẹ ki ẹsẹ̀ kéèjì bọ inú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì ìdọ̀tí mọ́tò sí, kí ẹ sì ro abẹ́ rẹ̀.

Ojú ọmọ á là ní ọjọ́ 10 sí 12. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n á ti máa jáde, kí ẹ gbé àpótí kúrò.

Gbígba ọmú lẹ́nu ọmọ, àti ìgbà tí abo tún lè lọ

Abo lè gba akọ kó sì lóyún ní ọjọ́ tó bímọ gan-an. Kí akọ má wà nítòsí. Àwọn oko ńlá ń tún un gùn ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lẹ́yìn ìbímọ, oúnjẹ wọn ló gbà á. Fún ẹni tó ń fi koríko ṣe àfikún, mo gbà yín níyànjú kí ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ 5, nígbà tí ẹ bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ìbímọ mẹ́rin sí márùn-ún lọ́dún ni ẹ máa rí, ìyá kò sì ní gbẹ. Ìyá ni kí ẹ gbé kúrò, kí àwọn ọmọ dúró sílé tí wọ́n mọ̀. Ẹ ya akọ àti abo wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta.

Abo tó jẹ ọmọ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹ fún un láyè kan sí i. Tó bá tún ṣe é nígbà tí omi àti oúnjẹ pé, ìkòkò ọbẹ̀ ló kù fún un. Abo tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, tí iye ọmọ rẹ̀ ń dín kù, ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ pe dókítà ẹranko tí ẹ bá rí èyí

- Ẹ̀jẹ̀ ń jáde kí ọjọ́ 28 tó pé.
- Abo sanra, ó dáwọ́ oúnjẹ dúró pátápátá ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oyún.
- Ọjọ́ 33 ti pé, ọmọ ò jáde. Abẹ́rẹ́ tó ń ti ọmọ jáde wà, àmọ́ dókítà ni yóò gún un. Ẹ má rà á fúnra yín.
- Ọmú kan gbóná, ó le, ó ń pọ́n tàbí ó ń dúdú. Ẹ má kó ọmọ rẹ̀ fún ìyá mìíràn títí dókítà yóò fi wò ó, nítorí wọ́n lè gbé àrùn náà lọ.